Iyanrìn tó Sọnù Lórí Pèpéle Pákó

Ẹ súnmọ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ọ̀rọ̀ tó lọ́jú pọ̀. Ẹni tó jìnnà, kó fa àga rẹ̀ wá. Ẹni tó ń tòògbé, kí ẹnì kejì rẹ̀ fi ìgbọ̀nwọ́ gún un. Nínú ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, kò sí ìbọn, kò sí ọ̀bẹ, kò sí olè tó fo ògiri. Pákó ni, omi òjò ni, àti ìyá arúgbó kan tó ṣubú. Síbẹ̀, ó kù díẹ̀ kí abiyamọ kan tìtorí rẹ̀ sùn sí àtìmọ́lé pẹ̀lú ọmọ ọmú lẹ́yìn rẹ̀. Bí mo bá sọ ọ́ tí kò dùn, ẹ má fún mi lómi mu.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ìyá tí mò ń wí yìí ṣubú, kò wo iwájú, kò wo ẹ̀yìn. Ojú ọ̀run ló ń wò, torí ẹ̀yìn ló fi lélẹ̀.

Ilé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló ń gbé, pẹ̀lú ìyàwó ọmọ náà. Lẹ́yìn ilé ìdáná wọn, wọ́n fi pákó tẹ́ pèpéle kan sínú ọgbà òdòdó, kí ènìyàn lè jókòó gba atẹ́gùn níbẹ̀, kó sì lè gba orí rẹ̀ lọ síbi okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Igi ńlá kan ṣíji bò ó. Ẹ sì mọ ibi tí oòrùn kì í dé: nǹkan tútù aláwọ̀ ewé kan máa ń hù bo pákó níbẹ̀, bí òjò bá ti kán sí i, á máa yọ̀ bí ara ẹja. Torí èyí ni wọ́n ṣe pe akunlé. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì líle ha nǹkan tútù náà dànù, ó kun pèpéle ní ọ̀dà aláwọ̀ eérú, ó sì da iyanrìn sójú ọ̀dà, kí àtẹ́lẹsẹ̀ lè máa rí nǹkan dì mú. Ọ̀dà gbẹ. Ọkàn gbogbo ilé balẹ̀.

Òjò tó kọ́kọ́ rọ̀ lẹ́yìn náà ló bá Màmá níbi tó ti ń sáré lọ ká aṣọ ọmọ lórí okùn. Kò tíì jìnnà sí ẹnu ọ̀nà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi lọ fìrì. Eegun ìbàdí rẹ̀ kán. Wọ́n gbé e dé ọsibítù, ó dojú kọ ògiri, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́.

Pèpéle tí wọ́n tún ṣe torí kó má baà yọ̀, kí ló dé tó fi yọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ? Ìbéèrè yìí ló gbé ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ dé ilé náà lọ́jọ́ kejì.

Obìnrin ni. Àìjókòó ni wọ́n ń pè é ní àgọ́ ọlọ́pàá, torí bí ẹjọ́ bá ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìdí rẹ̀ kì í kan àga. Á máa lọ, á máa bọ̀, bí adìyẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí. Sájẹ́ǹtì kan ló máa ń tẹ̀lé e, ọkùnrin tó sanra, tó jẹ́ pé òun ní tirẹ̀, bó bá ti rí ohun tó jọ àga báyìí, ó ti jókòó. Ojú ọ̀run dúdú lọ́jọ́ náà. Òjò mìíràn ń kó ara rẹ̀ jọ, afẹ́fẹ́ sì ń ti ilẹ̀kùn, ó ń fà á.

"Ẹ wá mú un o!"

Ẹ̀gbọ́n ọkọ ló ń pariwo, àkọ́bí Màmá, obìnrin tí ohùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ó bá màámi jà níjẹta. Màámi ṣubú lánàá. Kí lẹ tún ń wá?"

Ìyàwó dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó pọn ọmọ. Aránṣọ ni, òwú ṣì lẹ̀ mọ́ aṣọ rẹ̀. "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run."

"Ìwọ ni kó o bẹ̀rù ẹ̀!"

Àìjókòó rìn gba àárín àwọn méjèèjì kọjá. "Ìyàwó, ta ló wà nílé nígbà tí wọ́n ṣubú?"

"Èmi nìkan, mà. Ọkọ mi wa ọkọ̀ ẹrù lọ, kò tíì dé. Mo wà nídìí máṣíìnì, mo kàn gbọ́ gbì!"

"Ẹ gbọ́ ọ? Ó gbọ́ gbì. Ẹni tó dẹ pàkúté ní í mọ ìró rẹ̀."

"Ẹ̀yin náà ì bá wà nílé, Àǹtí, ẹ̀ bá gbọ́ ọ."

"Kí lẹ jà lé lórí níjẹta?" Àìjókòó tún bi í.

Ìyàwó wolẹ̀. "Ọ̀rọ̀ ìgbálẹ̀ ni, mà. Wọ́n ní ọ̀lẹ ni mí, pé n kì í gbálẹ̀ bó ṣe yẹ. Ọmọ yìí ò sì jẹ́ kí n máa sùn, n kì í lè tètè jí mọ́. Inú bí mi, mo ní ẹni tó bá fẹ́ràn ìgbálẹ̀ kó máa gbá a."

"Sí ìyá ọkọ ẹ!" Ẹ̀gbọ́n ọkọ pàtẹ́wọ́. Ó na ìka sí ojú fèrèsé, níbi tí ìgò òróró kan wà tó kù díẹ̀ nísàlẹ̀. "Kíkún ni mo rí ìgò yìí nígbà tí mo wá kí wọn. Níbo ni ìyókù wà? Orí pákó yẹn ló dà á sí."

Sájẹ́ǹtì, tó ti rí etí ìkòkò òdòdó kan jókòó lé, mi orí bí ẹni pé ẹjọ́ ti parí.

Àìjókòó gba àkísà funfun lọ́wọ́ ìyàwó, ó fi ṣóńṣó ọ̀bẹ tì í bọ inú àlàfo tóóró tó wà láàárín pákó sí pákó, níbi tí Màmá gbé yọ̀ gan-an. Ó fà á yọ. Ó tutù, ó sì ní ẹrẹ̀ lára. Ó na àkísà náà sókè iná sítóòfù títí ó fi gbẹ, ó gbọn ẹrẹ̀ rẹ̀ dànù, ó wá gbé e sójú ìmọ́lẹ̀.

"Omi máa ń gbẹ lára aṣọ, òróró kì í gbẹ. Ṣé ẹ rí àbàwọ́n kankan?"

"Òjò lè ti fọ̀ ọ́ lọ," ni Sájẹ́ǹtì wí.

"Òjò fọ ojú pákó. Ta ló fọ inú àlàfo? Òróró tí wọ́n bá dà síbí, ibẹ̀ ló máa sá lọ, ibẹ̀ ló sì máa wà."

"Ọṣẹ ńkọ́?" ni ẹ̀gbọ́n ọkọ fi gbà á lẹ́nu. "Ó lè jẹ́ ọṣẹ!"

Àìjókòó ti àkísà mìíràn bọ àlàfo, ó fọ̀ ọ́ sínú abọ́ omi, ó fún un, ó tún un fún. Omi náà kàn pọ́n lásán, kò hó. Ẹ̀gbọ́n ọkọ yíjú sí ibòmíràn.

Nígbà náà ni Àìjókòó bọ́ bàtà rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ẹsẹ̀ lásán, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń tẹ orí ẹyin. Ó dé ibi ìkòkò òdòdó tí wọ́n tò sí àárín, ó dúró. Ó kọjá wọn dé ibi koríko. Ó padà. Ó tún lọ.

"Sájẹ́ǹtì, dìde wá."

Sájẹ́ǹtì dìde, ó ń kùn. Kò bọ́ bàtà ní tirẹ̀. Bó ṣe gbé ẹsẹ̀ kejì ni ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ lọ. Ó rọ̀ mọ́ òpó ilé, fìlà rẹ̀ sì fò bọ́ sínú òdòdó.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà," ni ìyàwó wí, ẹ̀rín sì fẹ́ já lẹ́nu rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìbànújẹ́ náà.

"Láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ìkòkò òdòdó," ni Àìjókòó wí, "ojú pákó ń dán bí àwo tánganran. Láti ibẹ̀ lọ sí koríko, ó rí gbágungbàgun bí ahọ́n ológbò. Iyanrìn wà lọ́hùn-ún, iyanrìn ò sí níhìn-ín. Ẹ bá mi wá akunlé."

Kò jìnnà. Ó dé pẹ̀lú fìlà tí ọ̀dà ti kọ ilà sí, ó sì ti ń rojọ́ kó tó wọlé. "Mà, kí ni mo ṣe? Mo láya nílé o!"

"Ẹ fara balẹ̀. Ṣé gbogbo pèpéle yìí lẹ da iyanrìn sí?"

"Gbogbo ẹ̀, mà! Iyanrìn odò ni, mo sẹ́ ẹ, mo sá a gbẹ. Bí mo ṣe ń kun ọ̀dà àkọ́kọ́ ni mò ń fọ́n ọn sí i ní tútù, bí ẹni ń fọ́n àgbàdo fún adìyẹ. Mo ní kí wọ́n má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tẹ̀ ẹ́. Ilẹ̀ mọ́, mo padà wá, mo fi ọ̀dà kejì bò ó kó lè dì í mú."

"Ẹ fọwọ́ kàn án kẹ́ ẹ tó fi ọ̀dà kejì bò ó?"

"Mo fọwọ́ kàn án, mà. Ó le, ó rí gbágungbàgun bí ó ṣe yẹ."

"Níbo lẹ dúró sí tẹ́ ẹ fọwọ́ kàn án?"

Akunlé wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Nínú koríko, mà. Apá ọ̀hún. Róólà tí mo so mọ́ ọ̀pá gígùn ni mo fi kun ìyókù, kí n má baà tẹ ojú iṣẹ́ mi. Òjìji igi sì wà lápá ẹnu ọ̀nà. Mo rò pé ọ̀kan náà ni gbogbo ẹ̀."

"Olè!" Ẹ̀gbọ́n ọkọ ti rí ẹlòmíràn báyìí. "Ìwọ lo jẹ iyanrìn wa!"

"Ẹ̀gbọ́n, ta ní í jẹ iyanrìn? Ohun tó kún etí odò? Bí mo bá fẹ́ jalè, ṣé kì í ṣe ọ̀dà ni mo máa jí?"

Ó ti sọ ọ́ tán kó tó mọ ohun tó sọ. Sájẹ́ǹtì rọra wò ó láti òkè délẹ̀.

Ṣùgbọ́n Àìjókòó kò dúró gbọ́ ọ. Ó ti dọ̀bálẹ̀ sínú koríko tútù, ó fi iná tọ́ọ̀ṣì yọ ojú sábẹ́ pèpéle, apá rẹ̀ sì wọ ibẹ̀ dé èjìká. Nígbà tó fa ọwọ́ jáde, iyanrìn ló bù dání. Ó tẹ́ ẹ sórí àkísà funfun tó gbẹ níṣojú gbogbo wọn.

"Abẹ́ ibi tó ń dán ni mo ti bù ú. Ó kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Abẹ́ ibi gbágungbàgun ò ní tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wo àwọ̀ ẹ̀."

Akunlé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ọ̀dà wà lára ẹ̀."

"Iyanrìn tí kò kan ọ̀dà rí, kò lè ní ọ̀dà lára. Ẹ fọ́n iyanrìn síbí lóòótọ́. Ó sì ti ń di ọ̀dà mú díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ kí ọ̀dà náà tó gbẹ, kẹ́ ẹ tó padà wá, ẹnì kan gbá a. Àárín pákó ló ń jábọ́ gbà, tó fi lọ sápamọ́ sílẹ̀."

Akunlé jókòó sórí koríko, ó mí kanlẹ̀. "Mo ti ń ro ọ̀nà tí mo máa gbà sá tẹ́lẹ̀."

Ẹ ò rí i, bí a bá yọ ẹ̀gún kan lẹ́sẹ̀, òmíràn ló ń wọlé. Sájẹ́ǹtì, ẹni tí kì í fẹ́ dìde, ti dìde. Ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ènìyàn méjì péré ló wà nínú ilé yìí láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n gbá iyanrìn náà," ó ní. "Ọ̀kan ló ṣubú. Èkejì ló kù. Ọ̀gá wa ní àgọ́ sì ní òun ò gbọ́dọ̀ dé láìbá ẹnì kan lórí bẹ́ǹṣì àtìmọ́lé."

"Mo wí i!" Ẹ̀gbọ́n ọkọ fò sókè. "Ó gbá a dànù kí màámi lè ṣubú! Ọ̀lẹ tí kì í gbálẹ̀, ọjọ́ tí yóò gbá a, ibi ló fi gbá!"

"Èmi ni mo pe akunlé!" Ìyàwó bú sẹ́kún. "Torí ẹsẹ̀ wọn ni mo ṣe pè é!"

"Kó o lè fi bojú ni."

"Gbé ọmọ fún ẹnì kan, ká máa lọ," ni Sájẹ́ǹtì wí, kò wo ojú rẹ̀.

"Ta ni kí n gbé e fún, sà? Ọmú ló ń mu."

"Gbé e fún mi." Ẹ̀gbọ́n ọkọ na ọwọ́.

Ìyàwó fi ẹ̀yìn rọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọmọ mú lẹ́yìn. "Ẹ pa mí ná."

Ọmọ náà jí, ó fi igbe ta. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán lọ́kọ̀ọ̀kan sórí páànù.

"Ìyàwó," ni Àìjókòó wí láàárín ariwo náà, ohùn rẹ̀ ò lọ sókè, "ìgbálẹ̀ wo lo fi ń gbálẹ̀?"

"Mà?"

"Ìgbálẹ̀ wo?"

"Ọlọ́wọ́ gígùn yẹn, mà." Ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. "Látìgbà tí mo ti bímọ ni ẹ̀yìn ti ń ro mí, n kì í lè bẹ̀rẹ̀."

Àìjókòó nu ojú pákó kan nítòsí ẹnu ọ̀nà, ó fi tọ́ọ̀ṣì lélẹ̀ pẹrẹsẹ kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè máa yọ́ lọ lórí pákó. Ohun tí ojú lásán kò rí wá jáde. Lábẹ́ ọ̀dà kejì, ìlà ìgbálẹ̀ ń bẹ níbẹ̀, kúkurú kúkurú, tẹ́ẹ́rẹ́ bí òṣùpá tuntun, ọ̀kan ń gun ọ̀kan bí ìpẹ́ ẹja.

"Ọlọ́wọ́ gígùn á fa ìlà gbọọrọ. Èyí, ọwọ̀ kúkurú ni. Ẹ tún wo ibí." Ó fi ìka tọ́ sí i. Ihò pẹlẹbẹ mẹ́rin wà lójú ọ̀dà, igun mẹ́rin; níwájú díẹ̀, mẹ́rin mìíràn; títí dé ìdí ìkòkò òdòdó. "Ó gbá ìwọ̀n tí apá rẹ̀ lè dé, ó sún, ó tún gbá a. Ẹni tó gbá ibí yìí, ó jókòó gbá a ni."

"Ta ní í jókòó gbálẹ̀?" ni Sájẹ́ǹtì bèèrè.

Ẹnu ẹ̀gbọ́n ọkọ, tí kò tíì padé látàárọ̀, padé. Nígbà tó ṣe, ó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ. "Orúnkún màámi... Wọn ò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́. Orí àpótí ni wọ́n máa ń..."

Àpótí kékeré kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá Màmá. Àìjókòó dojú rẹ̀ délẹ̀. Ọ̀dà aláwọ̀ eérú wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, iyanrìn sì lẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹ rò pé ó tán? Sájẹ́ǹtì họ orí. "Ọ̀gá mi, kò tíì tó. Ẹnikẹ́ni ló lè jókòó sórí àpótí. Ẹnikẹ́ni ló sì lè fi àpótí oníàpótí ṣe iṣẹ́ ibi. Bí kì í bá ṣe ìyá fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́, mo ní láti mú ìyàwó yìí lọ. Ìyá ò sì sọ̀rọ̀."

"Yóò sọ̀rọ̀," ni Àìjókòó wí. Ó ti ń wọ bàtà. "Gbogbo wa là ń lọ."

Yàrá ọsibítù náà gbóná, òórùn oògùn ló kún ibẹ̀. Wọ́n fi okùn gbé ẹsẹ̀ Màmá kọ́. Ó dojú kọ ògiri. Ọmọ rẹ̀ obìnrin pè é, kò dáhùn. Nọ́ọ̀sì ní kò jẹun, kò sì sunkún. Sájẹ́ǹtì fara ti ilẹ̀kùn, ìyàwó dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ọmọ, kò wọlé.

Àìjókòó kò bi Màmá léèrè ohunkóhun. Ó rìn dé ojú fèrèsé, ó rìn padà. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Sájẹ́ǹtì, ó gbé ohùn sókè bí ẹni ń kéde.

"Fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sí ìyàwó lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ti yé wa. Òun ló jí ní kùtùkùtù ọjọ́ náà, òun ló gbá iyanrìn orí pèpéle, ó gbá a mọ́ tónítóní, kò ku ẹyọ kan."

"Irọ́ ni!"

Gbogbo wọn yíjú padà. Màmá ti gbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí, ojú rẹ̀ ń dán.

"Ta ló jí ní kùtùkùtù? Èyí tí oòrùn máa ń bá lórí ibùsùn? Ta ló gbá a mọ́ tónítóní? Ọwọ́ rẹ̀ dà tí yóò fi gbálẹ̀ bẹ́ẹ̀? Èmi ni mo gbá a!"

Màmá gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Orí rẹ̀ padà sórí ìrọ̀rí.

"Èmi ni mo gbá a," ó tún wí, jẹ́jẹ́. "Mo jí, mo rí iyanrìn lójú ilẹ̀ ilé ọmọ mi. Mo ní irú ilé wo rèé? Mo gbé àpótí mi, mo gbá a dé ìdí ìkòkò òdòdó, ibẹ̀ ni apá mi kú sí. Mo rí i pé ọ̀dà kò tíì gbẹ, mo sì ń gbá a lọ. Mo fẹ́ kó jí kó rí i, kó tijú. Kò tilẹ̀ yojú síbẹ̀."

"Màámi," ni ẹ̀gbọ́n ọkọ wí, "kí ló dé tẹ́ ẹ fi dákẹ́?"

"Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ ọ́? Pé èmi tí mò ń pe ọmọ ọlọ́mọ lọ́lẹ, ìgbálẹ̀ mi ló gbé mi ṣubú? Ìwọ náà sì ti ń pariwo òróró. Mo ní kí n dákẹ́ títí ariwo rẹ á fi rọlẹ̀. N kò mọ̀ pé ọlọ́pàá lo máa lọ pè."

Ìyàwó ti wọlé. Kò sẹ́ni tó rí ìgbà tó wọlé.

"Mo ní kí ẹ má tẹ̀ ẹ́, Màámi."

"O ò sọ ìdí ẹ̀ fún mi. Mo rò pé o fẹ́ máa pàṣẹ fún mi ni."

"Ẹ ò bi mí."

Màmá yíjú sí i. "N kò bi ọ́," ó ní. "Bí wọ́n bá sì gbé ọ lọ lónìí, ògiri yìí ni ǹ bá ṣì máa wò."

Ìyàwó kò ní kò burú, kò sì ní òun ti dárí jì wọ́n. Ó tú ọ̀já. Ó sọ ọmọ kalẹ̀, ó tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ Màmá níbi tí ẹsẹ̀ ọmọ kò ti lè kan ìbàdí tó kán náà.

"Ẹ bá mi dì í mú," ó ní. "Ẹ̀yìn ń ro mí, mo fẹ́ jókòó."

Màmá fi apá yí ọmọ náà ká. Ìgbà yẹn ló tó sunkún.

Akunlé padà síbi iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí òjò dá. Ó ha ibi tó ń dán, ó yọ ìdọ̀tí inú àlàfo kí omi lè máa rí ibi ṣàn gbà, ó ní kí wọ́n gé ẹ̀ka igi tó ṣíji bò ó. Ó kun ọ̀dà, ó fọ́n iyanrìn. Kó tó fi ọ̀dà kejì bò ó, ó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kan pákó kọ̀ọ̀kan dé ibi koríko. Ìyàwó ló ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, tó ń sọ fún gbogbo ẹni tó máa ń gba ẹ̀yìnkùlé wọn kọjá pé iyanrìn yẹn, iṣẹ́ ló ń ṣe, àti irú iṣẹ́ tó ń ṣe.

Ibi tí mo gbọ́ ọ dé nìyí. Sájẹ́ǹtì fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi, lẹ́yìn tó ti fẹ̀yìntì, lọ́jọ́ tí òjò ká èmi àti òun mọ́ abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tó dé ibi tí fìlà rẹ̀ fò bọ́ sínú òdòdó. Nígbà tó dé ibi tí abiyamọ fi ẹ̀yìn rọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ní òun mà ti ṣí ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ náà sílẹ̀ láti fi sí abiyamọ yẹn lọ́wọ́.